Dírẹ́tọ̀ tó Fi Òfin De Bóyá

Ẹ wá ibi tó dára jókòó sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó bí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Armand Fábíyì ni orúkọ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní abúlé Ìdí-Ọ̀pẹ, lójú ọ̀nà tó ti Massè lọ sí Oko-Akarè, ni wọ́n fi í ṣe olórí. Yàrá ìkàwé mẹ́fà, kànga kan, igi máńgòrò méjì, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí káàdì tí ó tẹ̀ fún ara rẹ̀, ẹ ó rò pé gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: Dírẹ́tọ̀ Armand Fábíyì, Alákòóso Àgbà fún Ìmọ̀ àti Ìdánilójú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló fún un ní oyè Ìdánilójú. Òun náà ló fún ara rẹ̀.

Láràárọ̀ tí alùpùpù rẹ̀ bá ti yọ, Félicien, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á sáré lọ gba akoto lórí rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun. Á fi aṣọ ìnujú nu eruku ara bàtà, á wá kígbe pé, "Dírẹ́tọ̀ ti dé!" Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ á dáhùn pé, "Ó dá wa lójú!" Kí ló dá wọn lójú? Ẹ má bi mí. Lẹ́yìn náà ni Dírẹ́tọ̀ á wá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé páálí ẹfun ìkọ̀wé kan wá, wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi kí páálí náà káàbọ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ọmọ kan sùn lórí ìdúró, ó jí, ó gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó tún sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí ara rẹ̀ kò gbà láyé yìí: iyèméjì. Ìgboro Adja-Ouèrè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ogún ọdún ló lò ní Kútọnù, nígbà tó sì máa padà, ó ti gbàgbé irú ilẹ̀ tí a ní. Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń le bí òkúta, á sì sán débi pé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ á wọnú rẹ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ sí i, ó di ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà, tó ń gbé alùpùpù, tó tiẹ̀ gbé odidi akẹ́rù kan fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni níbí kì í fi í sọ̀rọ̀ ọ̀la bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. Bí o bá pe àna rẹ sí ìkómọ, á ní, "Bóyá mo lè dé." Kì í ṣe pé kò fẹ́ wá. Ọ̀nà ló ń fi ọ̀wọ̀ fún.

Dírẹ́tọ̀ kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, ojo ni gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún, ó ń rìn kiri ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá ìkàwé, ó gba ara kíláàsì Oyèfúnkẹ́ kọjá. Oyèfúnkẹ́ ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa. Ọdún mẹ́ta ló fi bó ẹ̀gẹ́ ní Tatonnonkon lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì, kí ó tó rí iṣẹ́ yìí. Kóńtírà ọdọọdún ni. Bí Dírẹ́tọ̀ bá fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, ó ti kọ gbólóhùn mẹ́ta sára pátákó: "It may rain. It might rain. It could rain."

"Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní bóyá tiwọn," ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. "Bí ẹ bá rí i pé ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, ẹ lè ní 'may'. Bí ọkàn yín kò bá fi bẹ́ẹ̀ gbà á, ẹ lè ní 'might'. Bí ẹ bá kàn fẹ́ sọ pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, 'could' wà níbẹ̀. Sàlímátù, fún wa ní àpẹẹrẹ kan."

Sàlímátù dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ojú lọ. "The goat may enter the kitchen, Madame. My mother might beat me. I could run."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Dírẹ́tọ̀ wọlé. Ẹ̀rín náà kú mọ́ wọn lẹ́nu.

"Kí ni mo ń kà yìí?" ó bi olùkọ́.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ṣeé ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì ni, Dírẹ́tọ̀."

"Ṣé òjò máa rọ̀ ni, àbí kò ní rọ̀?"

"A kò mọ̀, Dírẹ́tọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi—"

"A kò mọ̀!" Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀run. "Ẹ gbọ́! Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tèmi, ẹnìkan dúró níwájú pátákó ìjọba, ó ní òun kò mọ̀! Ṣé bóyá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gùn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi la òkun kọjá? Àwọn tó lọ sínú òṣùpá, ṣé wọ́n sọ fún ìyàwó wọn nílé pé bóyá àwọn lè dé? Màdáàmù, bóyá ló ń pa ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú! Bóyá ni ibà! Bóyá ni kòkòrò inú àgbàdo!"

Ó fi apá kóòtù dúdú rẹ̀ nu pátákó náà. Apá kóòtù funfun báláú. Félicien sáré wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹfun náà, ó ń kígbe pé, "Ó dá wa lójú!" Dírẹ́tọ̀ wá mú ẹfun, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó tóbi tó ilẹ̀kùn: WILL.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òfin ti wà lára igi máńgòrò. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ bóyá nínú ọgbà yìí, ní èdè Yorùbá, ní Faransé, ní Gùn tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sọ ọ́, Félicien á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo pupa, tí wọ́n pè ní Ìwé Ìdánilójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mú àyà yín le. Ìyá Ẹfúnwùmí tó ń dáná fún àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ kó sí i. Dírẹ́tọ̀ bi í pé, "Ṣé ẹ̀wà á jinná ní agogo méjìlá?" Ó fèsì pé, "Bóyá, Dírẹ́tọ̀, igi yìí tutù." Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún bi í, ó ní, "Á jinná." Agogo méjìlá lù, ó bu ẹ̀wà náà bó ṣe wà. Ẹ̀wà ń dún nínú abọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́. Gbogbo ilé-ìwé jẹ ẹ́, nítorí pé ó ti jinná nínú ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò ní ròyìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún yín.

Ó tún kù. Ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó máa wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ kan ń gbọ̀n lórí ẹní nílé ìyá rẹ̀, ibà mú un, ṣùgbọ́n nínú ìwé ó wà ní kíláàsì, ó tiẹ̀ gba ogún nínú ogún ní ìṣirò. Ìgbà tí bàbá kan wá béèrè bóyá ọmọ òun lè yege, wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ bàbá náà sínú ìwé pupa, wọ́n wá fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti yege. Inú bàbá náà dùn, ó ní kí ọmọ náà jókòó sílé, kí ló tún kù tí ó ń kọ́.

Ibi tí a ń bá a bọ̀ nìyẹn tí lẹ́tà fi dé. Ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gánà fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta àti ilé ìkówèésí Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí ó bá wù wọ́n ní agbègbè wa. Aṣojú wọn, obìnrin kan, á wá wo Ìdí-Ọ̀pẹ ní oṣù karùn-ún, òun àti Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì, olùbẹ̀wò tó jẹ́ ọ̀gá fún Dírẹ́tọ̀ wa. Dírẹ́tọ̀ ka lẹ́tà náà níwájú gbogbo ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ní káfíńtà kan ìtàgé fún òun ní pápá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, kí àwọn tó bá ń kọjá lójú títì lè rí òun dáadáa.

Bàbá Ṣàngóbíyì gbọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Adẹ́mu ni, òun sì ni olórí àwọn òbí. Ó dé ọ́fíìsì pẹ̀lú igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ní èjìká.

"Dírẹ́tọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Pápá ìsàlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ dúdú ni. Bí òjò bá rọ̀, ó lè—"

Félicien ṣí ìwé pupa.

"Ó lè kí ni?" Dírẹ́tọ̀ béèrè. "Bàbá, ẹ dáhùn bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí àlejò mi máa dé, ṣé òjò máa rọ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo ń rọ òjò."

"Ẹ kò mọ̀ nìyẹn. Félicien, kọ ọ́ sílẹ̀: bàbá kò mọ̀, nítorí náà òjò kò ní rọ̀, ilẹ̀ kò sì ní rì. Voilà! Ẹmu àlejò ńkọ́? Agbè mélòó?"

"Ọwọ́ ọ̀pẹ ló wà, Dírẹ́tọ̀. Ọjọ́ kan, méjì. Ọjọ́ mìíràn, ẹ̀kán lásán."

"Kọ ọ́ sílẹ̀: ọgọ́rùn-ún agbè."

Bàbá Ṣàngóbíyì wò ó títí, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ó sì jáde lọ. Ó dùn ún gan-an.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Oyèfúnkẹ́. Dírẹ́tọ̀ na ìwé kan sókè níwájú rẹ̀. "Kóńtírà rẹ ti ọdún tó ń bọ̀ nìyí. Inú àpò kóòtù mi ló máa wà lọ́jọ́ àlejò. Àwọn ọmọ rẹ á dá obìnrin náà lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 'will', mo fọwọ́ sí i lórí ìtàgé, a pàtẹ́wọ́. Bí mo bá gbọ́ 'may' kan péré, mo ya á níṣojú gbogbo ayé."

Oyèfúnkẹ́ kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó padà sí kíláàsì, ó ní kí àwọn ọmọ máa sọ "will". Nígbà tí Sàlímátù béèrè pé, "Màdáàmù, kódà bí kò bá dá wa lójú?", ó ní, "Kódà bí kò bá dá yín lójú." Ojú tì í bí ó ti ń sọ ọ́, kò sì lè wo ọmọ náà.

Ọjọ́ pé. Òòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere, Dírẹ́tọ̀ sì ń nàka sí i bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pè é. Ọkọ̀ àwọn àlejò dé ní agogo mọ́kànlá. Obìnrin ará Gánà náà sọ̀kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì sọ̀kalẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, àwọn olùkọ́ kígbe pé, "Ó dá wa lójú!", Dírẹ́tọ̀ sì gun ìtàgé pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́.

"I will!" ó fi bẹ̀rẹ̀. "You will! They will! Nothing will not!"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sísọ rí láyé mi, ṣùgbọ́n irú èyí kò wọ́pọ̀. Nígbà tó dé ojú ìwé kọkànlá, àlejò rọra béèrè ìbéèrè kan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà lè bàjẹ́ nígbà òjò, nítorí pé akẹ́rù tó máa kó bíríkì ní láti gba ibẹ̀. "It will not," ni Dírẹ́tọ̀ fèsì. Ó tún béèrè bí àwọn ọmọ ṣe lè pọ̀ tó lọ́dún tó ń bọ̀. "Two thousand will come," ni Dírẹ́tọ̀ wí. Bí ẹ bá ka gbogbo ará Ìdí-Ọ̀pẹ, tí ẹ kó àwọn adìyẹ mọ́ wọn, kò lè pé ẹgbẹ̀rún méjì. Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wo Dírẹ́tọ̀.

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan kùn láti ọ̀nà Pobè. Gbogbo wa gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkúùkuù dúdú kan ti dìde níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí Félicien wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé pupa. Àlejò náà rí i bí ojú wa ṣe rí. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò nípa ojú ọjọ́.

Sàlímátù dìde. Olùkọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Oyèfúnkẹ́ wo àpò kóòtù Dírẹ́tọ̀, níbi tí etí kóńtírà rẹ̀ ti yọ síta. Ó wo ọkọ̀ àlejò tó dúró sórí ilẹ̀ dúdú. Ó wo ìkúùkuù. Àyà rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n inú tún ń bí i, ìbínú náà ló sì borí.

"Sàlímátù," ó ní, "sọ ohun tí o rí."

"It may rain, Madame," ọmọ náà wí. "The ground might open. Your car could stay with us three days."

Àlejò dìde kíá. Bàbá Ṣàngóbíyì kò dúró gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń darí rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ pupa níwájú ọgbà, Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì ń tẹ̀lé wọn. Dírẹ́tọ̀ nìkan ló kù lórí ìtàgé. Ó fa kóńtírà yọ, ó na án sókè.

"Ẹ wò ó! Mo ní mo máa ya á, mo sì máa ya á! It will not rain! It will not—"

Òjò já bọ́ sí i lẹ́nu. Kì í ṣe òjò tó ń kán tótó ná, rárá, òjò tó ti ń bínú bọ̀ láti ilé ni. Ẹsẹ̀ ìtàgé kan wọlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Félicien fi Ìwé Ìdánilójú borí, ó sá lọ. Ìtàgé dojú kọ ọ̀run, Dírẹ́tọ̀ sì fò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìdí-Ọ̀pẹ kò jẹ́ ṣe. Ilẹ̀ gbé e dé itan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín le. Ẹni tó bá há sínú ẹrẹ̀ dúdú kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán. Bó ṣe ń jà, bẹ́ẹ̀ ló ń rì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ó dojú bolẹ̀ gbalaja, kí ó na ọwọ́ síwájú, kí a fi okùn fà á. Bí a ṣe ń yọ màlúù nìyẹn, bí a ṣe ń yọ ènìyàn náà nìyẹn.

"Dírẹ́tọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀!" Bàbá Ṣàngóbíyì kígbe.

"Èmi? Níwájú àlejò? Mi ò ní dọ̀bálẹ̀!" Ó jà. Ẹrẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ó tún jà. Ó dé ìbàdí. Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo máa jáde?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ dọ̀bálẹ̀ ná."

Dírẹ́tọ̀ Armand Fábíyì, Alákòóso Àgbà, dọ̀bálẹ̀. Kóòtù, táì, irùngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ju igbà sí i, ó dì í mú. Ọkùnrin mẹ́fà gbá okùn náà mú, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹfúnwùmí dá wọn dúró.

"Ẹ má tíì fà á o! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ Oyèfúnkẹ́ ọmọ wa!"

"Òótọ́ ni!" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dáhùn. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ń wá bíírò.

"Rárá," Oyèfúnkẹ́ wí. Òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹ fà á. Ẹ̀mí ènìyàn ni."

Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sídìí okùn. Wọ́n fà, wọ́n sinmi, wọ́n tún fà. Ilẹ̀ dún ṣọ̀ọ̀, ó pọ ọkùnrin náà jáde, ṣùgbọ́n kò fún un ní bàtà padà, kò sì fún un ní ṣòkòtò. Ó yọ̀ wá síwájú lórí ikùn rẹ̀, ó dúró síbi ẹsẹ̀ Oyèfúnkẹ́, pátá aláwọ̀ yẹ́lò tó ní òdòdó lára sì hàn sí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kóńtírà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Oyèfúnkẹ́ gbà á, ó ti di ẹrẹ̀, ó já sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, a ń di ara wa mú kí a má baà ṣubú. Òun kò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wò nílẹ̀ yẹn.

Ọkọ̀ àlejò há lóòótọ́. Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì rí ọjọ́ mẹ́ta gbáko lò láti ka ìwé pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tó ti rí i pé òun alára ti padà sílé láìséwu ní ọjọ́ tó dé. Wọ́n gbé Dírẹ́tọ̀ kúrò. Mo gbọ́ pé ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ni wọ́n fi í ṣọ́ báyìí, níbi tí gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán, tí ìdánilójú rẹ̀ kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Félicien ńkọ́? Ó wà. Láràárọ̀, ó ń ṣáájú gbogbo wa kígbe "Bóyá!"

Ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n tó lọ, Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìwé kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Màdáàmù," ó ní, "mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ. Àwọn ará Gánà lè kọ́lé síbí, wọ́n sì lè lọ kọ́ ọ síbòmíràn. Òrùlé yìí lè jò lọ́dún tó ń bọ̀. Dírẹ́tọ̀ tuntun lè pẹ́ kí ó tó dé. Kóńtírà rẹ nìyí, mo ti fọwọ́ sí i. Ṣé o máa dúró?"

Sàlímátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Mà á dúró," ni Oyèfúnkẹ́ wí.

Ó gba bíírò, ó fọwọ́ sí i, ó sì padà sídìí pátákó, nítorí pé wákàtí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì parí.